Àjò Kì Í Dùn Kí Onílé Má Relé: Ọjọ́ Kan Lórí Òkè Ìdànrè

Ìyá tó ń ta omi àti ẹ̀pà ní ẹsẹ̀ Òkè Ìdànrè wo ọ̀rẹ́ mi láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tín-ín-rín, ó wo ẹyinjú rẹ̀ tó máa ń pọ́n bí ti ẹni tí ibà ń ṣe, ó sì gbé ojú sókè wo àtẹ̀gùn tó ń gòkè lọ láàárín àpáta. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ náà fẹ́ gun òkè yìí ni?"

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń múra rẹ̀."

Ìyá náà rò pé àwàdà ni. Ó fi ẹ̀pà díẹ̀ ṣe ènì fún wa, ó sì gbàdúrà pé a ó gòkè re, a ó sọ̀kalẹ̀ re. Èmi ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́rìnlá náà kì í ṣe àwàdà rárá. Òun ló gbé wa kúrò ní Ìṣẹ̀rí-Olófin.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Àdúgbò kan náà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí gbé dàgbà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó gba Ìdímù àti Ìgàndò yóò mọ̀ pé kò sí òkè níbẹ̀. Ohun tó ga jù lójú wa nígbà èwe ni ilé alájà mẹ́ta àti òpó gàgàrà àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù. Ìtàn tiwa gan-an, ìtàn omi ni. Àwọn àgbà Àwórì sọ fún wa pé Olófin Ògúnfúnminire tẹ̀ lé awo tó ń léfòó lórí omi títí awo náà fi rì ní Ìṣẹ̀rí, àti pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ara wọn ní Àwórì: awo ti rì. Ẹni tí awo bá rì fún, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló ń gbé. Kí ni tiwa ti òkè gígùn?

Ilé-ìwé ló fà á. Nígbà tí a wà ní ọdún kẹta ní girama, àwọn olùkọ́ wa ṣètò ìrìn-àjò afẹ́ lọ sí Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Gbogbo wa la san owó. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò náà, olùkọ́ kan ké sí ọ̀rẹ́ mi kúrò lórí ìlà, ó dá owó rẹ̀ padà fún un, ó ní kí ó máa lọ sílé. Ó ní òun kò lè gbé ẹrù ẹni tó lè dákú sí òun lọ́wọ́ lórí àpáta.

Ìdí ni pé SS ni ọ̀rẹ́ mi. Àìsàn tí àwọn baba wa ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde ló ń bá a fínra láti kékeré. Orúkọ náà bá a mu gan-an, nítorí ẹni tí ẹ rí lórí ìdùbúlẹ̀ lónìí tó ń ké fún ìrora lè máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn lọ sí ọjà lọ́la. Àwọn hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí ó rí roboto ni yóò tẹ̀ kọdọrọ bí dòjé, wọn yóò lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọn yóò sì dí ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá ti lè dé, ìrora ni yóò dé ibẹ̀. Àwọn òbí méjèèjì ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀: bí bàbá bá jẹ́ AS tí ìyá náà sì jẹ́ AS, ọmọ wọn lè jẹ́ SS. Kò sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àìsàn yìí tó Nàìjíríà ní gbogbo àgbáyé, síbẹ̀ a ṣì ń ṣe sí wọn bí ẹni pé àlejò ni wọ́n láàárín wa.

Èmi lọ sí Olúmọ ní ọjọ́ náà. Mi ò bá olùkọ́ náà jiyàn. Mi ò bá ọ̀rẹ́ mi padà sílé. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú bọ́ọ̀sì, mo sì bá àwọn ẹgbẹ́ mi kọrin. Nígbà tí mo dé, ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí lo rí nígbà tí o dé òkè?" Mo ní, "Òrùlé. Òrùlé páànù tó ti dógùn-ún, ó lọ salalu." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Èmi náà á rí òrùlé láti òkè lọ́jọ́ kan."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tó di ọdún tó kọjá tí ó pè mí pé òun fẹ́ gun òkè, mi ò béèrè ìdí. Mo kàn bi í pé, "Òkè wo?" Ó ní, "Èyí tó ga ju Olúmọ lọ."

Kì í ṣe pé a kàn dìde bí ẹni tí ẹ̀mí gbé. A kọ́kọ́ lọ bá dókítà rẹ̀. Dókítà náà kò ní kó má lọ, àmọ́ ó ka àṣẹ fún wa bí ẹni ń ka òfin. Kí ó máa mu omi ṣáá, kí ó má dúró de òǹgbẹ. Kí ó má sáré, kí ó má bá ẹnikẹ́ni díje. Kí òtútù má mú un, kí oòrùn má pa á. Kí ó lo gbogbo oògùn rẹ̀, kí ó sì gbé èyí tó wà fún ìrora dání. Èyí tó kẹ́yìn ni pé bí ìrora bá fi lè bẹ̀rẹ̀ ní oríkèé kankan, àjò ti parí nìyẹn. Nítorí àṣẹ wọ̀nyí ni a ṣe mú oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò ti ń káṣẹ̀ nílẹ̀ tí àpáta kò sì yọ̀ mọ́, tí ọyẹ́ kò sì tíì dé.

Ìyá rẹ̀ pè mí sí kọ̀rọ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé kò ní gbọ́ tèmi. Ìwọ ni mo fi lé lọ́wọ́. Tó bá ní ó tó, ó tó. Tí kò bá sọ ọ́, ìwọ ni kí o sọ ọ́." Mo ní, "Mo gbọ́, mà." Mo kúnlẹ̀ dáhùn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dìde, ẹsẹ̀ mi ti wúwo.

A kúrò ní Ìṣẹ̀rí ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, a gba Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà dé Àkúrẹ́, a sì sùn síbẹ̀ kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ Sátidé, a wọ ọkọ̀ lọ sí Ìdànrè. Kò jìnnà. Bí oko kòkó ṣe ń pọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni mo mọ̀ pé a ti ń sún mọ́ ọn, nítorí ìlú kòkó pátápátá ni. Lójijì ni àwọn àpáta yọ sí wa. Mo ti rò pé òkè kan la fẹ́ lọ gùn. Òkè ni gbogbo rẹ̀: àpáta ńláńlá tó rí roboto lókè, dúdú, pípá, tí wọ́n dúró yí ìlú ká bí àwọn àgbààgbà tó ń ṣe ìpàdé. Ọ̀rẹ́ mi kò sọ nǹkan kan. Ó kàn di ọwọ́ mi mú.

Àwọn àpáta wọ̀nyí ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ìtẹ́jú òkun. Lóòótọ́, kò tó ìdajì Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Tàràbá, tí ó jẹ́ òkè tó ga jù ní Nàìjíríà pẹ̀lú 2,419 mítà. Àmọ́ orí Ìdànrè yàtọ̀ ní ohun kan: ìlú wà lókè rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ufẹ̀ Òkè ni orúkọ tí wọ́n ń pe ìlú náà tẹ́lẹ̀, ìyẹn Ifẹ̀ tó wà lórí òkè. Ní ọdún 2007, wọ́n fi Òkè Ìdànrè sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo àgbáyé.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ni afinimọ̀nà wa. Ó pe àwa méjèèjì ní àǹtí, ó gba àpò tí omi wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì sọ fún wa pé àtẹ̀gùn tí a fẹ́ gùn lé ní 600, pé àwọn ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Gbogbo rẹ̀ la máa jókòó sí."

Òótọ́ ló sọ. Ogún àtẹ̀gùn, a ó dúró. Ogún mìíràn, a ó mu omi. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga kan kọjá lára wa, wọ́n ń sáré, wọ́n ń ya fọ́tò. Ọmọkùnrin kan nínú wọn kígbe sí wa pé, "Àǹtí, ẹ má sùn síbẹ̀ o!" Inú bí mi. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi í sílẹ̀. Ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi, ẹnikẹ́ni kò sì rí ìgbín tó já bọ́ nítorí pé ó sáré. Nígbà tó yá, a bá ọmọkùnrin náà ní ibi ìsinmi kan, ó na ẹsẹ̀ gbalaja, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀rẹ́ mi fi omi inú àpò wa lọ̀ ọ́.

Níbi ìsinmi tó ga jù lára àwọn tí a jókòó sí ni ó ti yí ojú padà. Láti ìsàlẹ̀, àpáta nìkan ló ń wò. Ní ìgbà yìí, ó wo ẹ̀yìn. Ìlú Ìdànrè tuntun ló tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀ wa: òrùlé páànù, èyí tó dógùn-ún àti èyí tó ṣì ń dán, ọ̀nà tó rí tíntín bí okùn, igbó tútù yọ̀yọ̀ láàárín àwọn òkè. Ọ̀rẹ́ mi jókòó. Ó wò ó pẹ́. Mo rò pé yóò sunkún, àmọ́ kò sunkún. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé báyìí náà ni ti Olúmọ ṣe rí?"

Mo ní, "Èyí pọ̀ ju ti Olúmọ lọ."

Mo fẹ́ sọ nǹkan mìíràn. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì nítorí bọ́ọ̀sì ọjọ́ yẹn, nítorí orin tí mo kọ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde lẹ́nu mi. Mo ṣí ike omi, mo sì gbé e fún un.

Ìgbà tí àtẹ̀gùn parí, a wọ ìlú àtijọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì débẹ̀, ẹ má retí ìlú tí wọ́n tún kọ́ fún afẹ́. Ògiri alámọ̀ ni, àgbàlá, koríko àti ìdákẹ́jẹ́. Afinimọ̀nà wa fi ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, hàn wá, ó fi ilé ẹjọ́ àtijọ́ hàn wá, ó fi ibi tí agogo wà hàn wá, àti ojú oórì àwọn ará ìgbàanì. Ó ní láti Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá àwọn ti wá, pé Olófin ni olórí wọn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi wo ara wa. Olófin ni wọ́n ń pè ní tiwọn, Olófin ni wọ́n ń pè ní tiwa. Ọ̀kan tẹ̀ lé awo lọ sí etí omi, èkejì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ gun orí àpáta. Ààbò ni olúkúlùkù ń wá, ilẹ̀ tí yóò gbà á.

Lẹ́yìn náà ni afinimọ̀nà wa sọ ìtàn ẹsẹ̀ Agbóògùn, ọdẹ ńlá kan tí wọ́n ní ipasẹ̀ rẹ̀ wà lórí àpáta níwájú. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ti ọmọdé ìbáà ṣe ti àgbà, ni yóò wọ̀ ọ́ régí, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Ó tún sọ ti Omi Àpáàrá àti ti Òkè Orósùn, tí wọ́n ń ṣe ọdún fún lọ́dọọdún. Ojú ọ̀rẹ́ mi tàn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ."

A kò tíì rìn jìnnà tí mo fi rí i. Ó ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún bí ẹni tí nǹkan gún lẹ́sẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó tún gbé e kúrò kíákíá nígbà tí ó rí i pé mo ń wo òun. Mo dúró.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀, àbí?"

"Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó rẹ̀ mí ni."

"Wo ojú mi kí o tún un sọ."

Kò wo ojú mi. Ó ní, "Ó kù díẹ̀. Ẹ̀yin ẹ jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ mi kan ohun kan tí gbogbo ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ kàn." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. "Ìwọ náà fẹ́ dá mi padà láti orí ìlà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Fún ìṣẹ́jú kan, mo fẹ́ gbà fún un. Kò sí ohun tó rọrùn ju kí n gbà lọ: inú rẹ̀ yóò dùn, ẹ̀rí-ọkàn mi yóò fúyẹ́, gbèsè ọdún mẹ́rìnlá yóò tán. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san án? Egungun rẹ̀ ni. Mo wá rí i pé olùkọ́ wa kò ṣẹ̀ nítorí pé ó bẹ̀rù. Ó ṣẹ̀ nítorí pé ó dá ọmọ padà ní ìsàlẹ̀, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kan, ó sì jẹ́ kí ó dá nìkan lọ sílé. Mo ní, "Mi ò dá ọ padà. A jọ ń padà ni."

Afinimọ̀nà wa ti jókòó sórí òkúta kan, ó ń wo iwájú bí ẹni tí kò gbọ́. Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Ní ọdún 1923 ni àwọn baba wa kó kúrò lókè níbí lọ sí ìsàlẹ̀. Ọba sọ̀kalẹ̀, ìjòyè sọ̀kalẹ̀, ọmọdé sọ̀kalẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé òkè ṣẹ́gun wọn. Ìgbà tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ dára fún wọn ni wọ́n sọ̀kalẹ̀."

Ọ̀rẹ́ mi dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tí a bá padà báyìí, wọ́n á ní àjẹ́ ni mí, tí mo ń sá fún ẹsẹ̀ Agbóògùn." Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé yóò gbà.

Ìsọ̀kalẹ̀ le fún orúnkún ju ìgòkè lọ. Afinimọ̀nà wa wà níwájú, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi wà léjìká mi. Ó lo oògùn rẹ̀, ó mu omi títí tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí bú mi. Ní Àkúrẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìrora náà dé lóòótọ́, ní ìbàdí àti ní itan. Mo fi aṣọ tí mo rì bọ omi gbígbóná gbé e lẹ́sẹ̀, mo da aṣọ òtútù bò ó, mo sì ń wo aago. A ti fohùn ṣọ̀kan pé bí kò bá rọlẹ̀ kí agogo méjìlá tó lù, ilé ìwòsàn ni. Ó rọlẹ̀ nígbà tí ó kù díẹ̀ kí agogo mọ́kànlá lù. Mo rò ó lóru náà pé ká ní a ti dé ọ̀dọ̀ Agbóògùn, ta ni ìbá gbé e sọ̀kalẹ̀?

Nígbà tí ìrora náà dín, ó ń tòògbé, mo wá sọ ọ́. Mo ní, "Jọ̀wọ́, dárí jì mí nítorí ọjọ́ Olúmọ." Ó la ojú kan. Ó ní, "Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ẹ́. Kí lo fẹ́ ṣe? Sùn jàre."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ní àìsàn yìí, ẹ má fi ìfẹ́ tì í mọ́lé, ẹ má sì fi ìfẹ́ tì í ṣubú. Ẹ jẹ́ kí dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ gbé omi tó pọ̀ ju èyí tí ẹ rò pé yóò tó lọ. Ẹ gba afinimọ̀nà tó mọ ilẹ̀. Ẹ fi ìrìn yín wọn ìrìn rẹ̀, kí ẹ sì fohùn ṣọ̀kan nísàlẹ̀ lórí ohun tí yóò mú yín padà, nítorí lókè, ọkàn kì í fẹ́ gbọ́. Bí ẹ kò bá sì tíì mọ irú ẹ̀jẹ̀ tiyín, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tó délẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, ìlẹ̀kùn ilé wọn ní Ìṣẹ̀rí ti ṣí sílẹ̀ kí a tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fi ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ wọn, wọ́n fi ọwọ́ kan apá rẹ̀, wọ́n wá bi wá pé, "Ṣé ẹ dé òkè?"

Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Ó ní, "A dé ibi tí wọ́n ti ń rí òrùlé, Mọ́mì."